Àlàfo Tí Mo Fi Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Àǹtí

"Ta ló pa tẹlifíṣọ̀n?"

"Iná ni mo pa."

"Àǹtí, tẹlifíṣọ̀n lẹ pa. Iná ṣì ń tàn."

"Súíìṣì tó wà lábẹ́ iná ni mo tẹ̀."

"Ti tẹlifíṣọ̀n nìyẹn."

"Èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ńkọ́?"

"Òun ni ti iná."

"Ta ló fa wáyà ilé yìí? Ṣé ẹ bá a jà ni?"

"Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

"Ibo lèmi ń gbé?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í ní èsì. Pálọ̀ mi ni Àǹtí ń gbé. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ sínú àwọ̀n nígbà tó pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ó wọlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà, kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn má bàa kọ ibi tí tèmi kọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni Àǹtí. Mátírọ́nù ló jẹ́ ní ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kàn fẹ́ yà kí wa ni. Ó yẹ kí n ti fura nígbà tí mo rí aago ògiri nínú ẹrù rẹ̀. Ẹni tó yà kí èèyàn kì í gbé aago ògiri dání.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àlejò nínú ilé ara mi. Orí àga gbọọrọ tí mo fi ń wo bọ́ọ̀lù ló ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á pàtẹ́wọ́: "Ó yá, ẹ jí, ẹ jí! Aláìsàn tó bá sùn jù, àìsàn rẹ̀ á bá a sùn!" Èmi tí kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, màá dìde bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Bí mo bá sì fẹ́ jẹun, ìdúró ni mo ń jẹ ẹ́ ní kíṣínnì, torí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ ló kún orí tábìlì pálọ̀.

Ìyàwó mi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà," ló máa ń wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ ayé."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yìn tèmi ló ń ro mí báyìí. Ìdúró ni mo fi jẹun àná."

"Ẹ kú ìdúró," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá ni à ń gbé, ìdílé pọ̀ nínú rẹ̀, a sì ní alága. Iṣẹ́ oníkálukú la fi ń pè é níbẹ̀. Èmi, Onífọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí. Bàbá àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Tíṣà ni alága wa. Ẹni tó bá sì jẹ́ alága ló ń gbé yàrá ẹnu géètì, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì àti ti ẹ̀rọ omi wà. Yàrá náà ní kíṣínnì tirẹ̀. Ó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ó sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn.

Tíṣà kéde pé òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun, ó ní kí ilé dìbò yan alága tuntun. Dókítà Eyín tó ń gbé lókè pátápátá lóun fẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé wá bẹ Àǹtí pé kóun náà jáde du ipò náà, torí kò pẹ́ tó dé tó fi parí ìjà omi tó ti wà láàárín àjà òkè àti àjà ìsàlẹ̀. Ó ní kí àjà òkè máa pọn láàárọ̀, kí àjà ìsàlẹ̀ máa pọn lálẹ́, ẹni tí kò bá gbà, kó wá rí òun. Kò sẹ́ni tó wá rí i.

Ẹnì kẹta ni Púlọ́ḿbà. Púlọ́ḿbà ò fẹ́ ipò kankan o. Tíṣà ló sọ pé bó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló ń du ipò, ilé á là sí méjì. Kí a wá ẹlòmíràn mọ́ ọn, ẹni tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Kò sì sẹ́ni tí Púlọ́ḿbà ń bí nínú lóòótọ́, àyàfi ẹni tó bá ní páìpù. Páìpù tó bá tún ṣe láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti máa sunkún.

Tíṣà pè mí lẹ́nu àtẹ̀gùn.

"Onífọ́ọ̀mù."

"Ẹ̀yin bàbá mi."

"Ṣebí ìwọ lò ń ṣe fọ́ọ̀mù orí ayélujára níbi iṣẹ́ yín?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣe ọ̀kan fún wa. Kí kálukú jókòó sílé rẹ̀ kó fi fóònù dìbò. Ìjọsí tí a lo àpótí, ẹnì kan jókòó lé e."

"Ìyẹn ò le, sà."

"Mo mọ̀ pé kò le. Ṣe é kó dọ́gba ni mo ń wí."

Kó dọ́gba. Bí ó ti sọ ọ́ nìyẹn, lójú mi kòrókòró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi díẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe àwọn ojú ìwé tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé, "Ṣé iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn?" Àwọn ìdáhùn á tò síbẹ̀, àmì róbótó kékeré kan á wà fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó tẹ róbótó èyí tó bá wù yín, inú rẹ̀ á sì dúdú. Ohun tí a fi ń sọ fún ojú ìwé bí yóò ṣe múra la ń pè ní CSS. Ẹ ó ní kí ó wọ àwọ̀ báyìí, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi báyìí, kí àlàfo báyìí wà láàárín èyí àti ìyẹn. Iṣẹ́ àlàfo yìí gan-an ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Ọ̀gá mi sì máa ń sọ ọ́ létí wa pé: "Ìdáhùn dà bí àwọn èèyàn tó tò síbi omi. Bí àyè wọn ò bá dọ́gba, ẹnì kan ti fẹ́ yan ẹnì kan jẹ."

Mo to orúkọ àwọn olùdíje sórí ìlà kan ṣoṣo, kí gbogbo rẹ̀ lè hàn lójú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà Eyín, Mátírọ́nù, Púlọ́ḿbà. Róbótó kan ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo dọ́gba. Ó tutù lójú. Kí n pa kọ̀ǹpútà dé ló kù.

Ni ìyàwó mi bá dúró sẹ́yìn mi.

"Olówó orí mi."

Bí ìyàwó mi bá pè mí ní olówó orí rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan ń bọ̀ lọ́nà.

"Ẹ ò rí i pé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi há sáàárín?"

"Kò há. Bí tàwọn yòókù ṣe rí ló rí."

"Ó há. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fún mọ́ inú ọkọ̀."

"Gbogbo wọn dọ́gba ni."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi àti Púlọ́ḿbà dọ́gba?"

"Lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni."

"Hùn-ùn."

Ó wá rọra gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Yàrá ẹnu géètì yẹn dáa o."

"Ó dáa."

"Ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní Sátidé, àbí?"

Àwọn kan wà tó jẹ́ wúrà ni wọ́n fi dán wọn wò. Èmi, àga ni wọ́n fi dán mi wò. Mo rí ara mi lórí àga gbọọrọ yẹn, ẹsẹ̀ mi lórí tábìlì, abọ́ ẹ̀pà lórí ikùn mi. Mo rí Àǹtí ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, pẹ̀lú aago rẹ̀.

"Díẹ̀ ni," ni mo wí.

"Díẹ̀ náà lèmi ń wí."

"Mi ò ní fọwọ́ kan ìbò ẹnikẹ́ni o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìbò? Àyè lásán ni. Kí ojú lè tètè rí i."

Mo fún orúkọ Àǹtí ní àlàfo.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" ni ìyàwó mi wí.

Mo fi kún un.

"Ẹ má ṣahun sí ẹ̀gbọ́n mi o."

Mo tún fi kún un. Orúkọ Àǹtí wá dá dúró gedegbe, bí ìyàwó tuntun láàárín àgbàlá. Ìyàwó mi ní, "Ẹn-ẹ́n! Ẹ wò ó bó ṣe rí bí èèyàn." Ó fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí o. Láàárín orúkọ Dókítà Eyín àti róbótó Àǹtí ló yẹ kí àlàfo yẹn wà, kí róbótó àti orúkọ lè jọ máa rìn bí ìyá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń mí sí èèyàn lọ́rùn kì í jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Àárín róbótó àti orúkọ ni mo fi àlàfo náà sí. Róbótó Àǹtí ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ó lọ lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ Dókítà Eyín. Orúkọ Àǹtí alára sún síwájú, ó lọ fara ti róbótó Púlọ́ḿbà.

Ṣé mo rí i? Mi ò rí i. Ẹni tó kọ́lé mọ ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò mọ̀ pé àlejò á forí gbá ògiri. Mo tẹ róbótó Àǹtí tí èmi fúnra mi mọ ibi tó wà, ìbò náà sì wọlé fún Àǹtí. Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.

Ọjọ́ ìdìbò, inú mi ń dùn bí ọjọ́ ìsinmi. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lórí àtẹ̀gùn ló ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Onífọ́ọ̀mù, mo ti dìbò fún Mátírọ́nù yín o!"

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé."

"Orúkọ wọn ló tiẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú!"

"Ẹ ò rí nǹkan!"

Mo pàdé Púlọ́ḿbà náà, ó gbé bókẹ́ẹ̀tì irinṣẹ́ rẹ̀ dání, omi ń ro tótó lára páìpù tó wà lókè orí rẹ̀. Òun ló tún un ṣe láàárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ẹ má dìbò fún mi o. Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ìyàwó mi gan-an ti búra pé òun ò ní dìbò fún mi."

"Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ràn yín."

Nígbà tí mo wọlé, Àǹtí jókòó sórí àga gbọọrọ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, awò ojú wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀.

"Ọkọ wa, mo ti dìbò fún ara mi. Ṣé kò jọ ìgbéraga?"

"Kò jọ ọ́ rárá, Àǹtí. Ta lẹ̀ bá tún dìbò fún?"

"Mo ní kí n bi yín léèrè ni." Ó gbójú sókè wo ògiri. "Ó dà bíi pé kí n ti sọ aago yẹn kalẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣe ni mo sáré gun àga. Èmi ni mo bá a sọ aago náà kalẹ̀. Mo fi aṣọ ìnura tuntun wé e fún un, kí ọ̀nà má bàa ṣe é léṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé. Gbogbo ilé jókòó sórí àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n wá wòran. Tíṣà dúró nísàlẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ jìnnà sí ojú, torí èsì ti dé síbẹ̀. Àǹtí múra. Ìyàwó mi múra. Èmi náà múra.

"Dókítà Eyín," ni Tíṣà wí, "ìwọ̀nba tìrẹ, ọwọ́ kan lè kà á."

Dókítà Eyín mi orí.

"Mátírọ́nù."

Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

"Ìbò kan."

Àtẹ́wọ́ náà dúró sí agbede méjì.

"Ẹ tún un wò, sà," ni ìyàwó mi wí.

"Mo ti tún un wò. Ojú mi ti ń gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì dá ení mọ̀. Púlọ́ḿbà ló ni gbogbo ìyókù."

Púlọ́ḿbà jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Púlọ́ḿbà wo?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi. Dìde kí wọ́n rí ọ."

Ó dìde. Àfi bí omi ṣe dà lójú ọkùnrin náà, gbuuru.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí," ló wí. "Mo rò pé ẹ kórìíra mi nítorí ọ̀rọ̀ páìpù."

"A kórìíra rẹ!" ni ẹnì kan ké láti òkè àtẹ̀gùn.

"Ẹ wá dìbò fún mi síbẹ̀síbẹ̀! Ẹ ò rí ìfẹ́ bí!"

Ó tún bú sẹ́kún. Àǹtí ò sunkún ní tirẹ̀. Ó jókòó nílẹ̀ ṣánṣán, ó ká ọwọ́ rẹ̀ lé itan.

"Ìbò kan," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo sì dìbò fún ara mi. Ó já sí pé èmi nìkan ni mo fẹ́ràn mi nínú ilé yìí." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìwọ tí mo pọ̀n."

"Àǹtí, mo dìbò fún yín!"

"Tí mo pọ̀n dé ilé ìwé."

"Àǹtí, ẹ̀yin ni mo tẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́!"

Ìgbà yẹn ni èṣù ẹnu gbé mi. Mo rò pé bí ilé bá ti fẹ́ dàrú yìí, ó dáa kí n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Mo na ọwọ́ mi sókè.

"Àǹtí, ẹ má bara jẹ́. Èmi ni mo ni ìbò kan yẹn!"

Ìyàwó mi wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo olè. Àǹtí náà wò mí, ṣùgbọ́n ìwò tirẹ̀ yàtọ̀.

"Ọkọ wa, bí ìbò kan yẹn bá jẹ́ tiyín, tèmi dà?"

"Èmi náà tẹ Mátírọ́nù o," ni obìnrin kan wí láti àárín àtẹ̀gùn.

"Èmi náà."

"Èmi àti ọkọ mi."

"Èmi náà!" ni ìyàwó Púlọ́ḿbà wí. "Mo tiẹ̀ gbàdúrà lé e pé kí ọkọ mi má wọlé!"

Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń máàkì ìdánwò. Bí gbogbo kíláàsì bá mọ èsì, tí gbogbo kíláàsì sì gba òdo, ìbéèrè ni àrùn ń ṣe, kì í ṣe ọmọ. Onífọ́ọ̀mù, ṣí ìbò náà padà. Mátírọ́nù, ẹ máa bọ̀. Ẹ dìbò fún ara yín lójú gbogbo wa."

Mo fi ọwọ́ òsì ṣí i. Àǹtí wọ awò ojú rẹ̀, ó gba fóònù Tíṣà.

"Orúkọ mi nìyí. Ó dá dúró, ó ní àyè. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀." Ó tẹ róbótó tó sún mọ́ orúkọ náà jù.

"Ta lẹ dìbò fún?"

"Èmi."

"Ẹ wo èsì."

"Púlọ́ḿbà?"

"Púlọ́ḿbà."

"Ẹ ṣé, mà!" ni Púlọ́ḿbà wí nínú omijé. "Ẹ tún dìbò fún mi!"

Dókítà Eyín ti yọ fóònù tirẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni tó ń yẹ ẹnu wò. "Mo ti rí i. Róbótó tó wà lẹ́nu orúkọ Mátírọ́nù, ti Púlọ́ḿbà ni. Ti Mátírọ́nù gan-an nìyí lẹ́yìn tèmi níbí. Ó hù síbi tí kò yẹ kó hù sí."

Gbogbo àtẹ̀gùn wo fóònù wọn. Ariwo sọ. "Áà! Òótọ́ ni!" "Mo ti bá wọn yan Púlọ́ḿbà!" "Ta ló ṣe irú èyí?"

Tíṣà ò pariwo. Ó rọra béèrè bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọdé:

"Àwa tí a pọ̀ tó báyìí, tí Mátírọ́nù fúnra wọn ò rí róbótó tiwọn, ta ni ẹnì kan ṣoṣo tó rí i?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi ṣì wà lókè.

"Onífọ́ọ̀mù."

"Ẹ̀yin bàbá mi."

"Sọ ọwọ́ kalẹ̀."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kí ló dé tó jẹ́ orúkọ Mátírọ́nù nìkan ni àlàfo wà fún?"

"Sà... CSS ni."

"Ta ni CSS? Kó jáde síbí."

"Kì í ṣe èèyàn, sà."

"Ta ló wá rán an níṣẹ́?"

Ìyàwó mi wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ Àǹtí yọ ju tàwọn yòókù lọ."

"Kí nìdí?"

Ó yẹ kí n sọ pé nítorí ìfẹ́. Ó yẹ kí n sọ pé àna mi ni, ọkàn ń fà mí sí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó ti wà lórí ìdúró ní kíṣínnì láti ọjọ́ yìí wá já lẹ́nu mi.

"Mo fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ni, sà."

Àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, kó tó di pé wọ́n rí ojú Àǹtí. Ẹ̀rín náà kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé kí n lè kúrò nílé yín ni?" ló béèrè.

"Àǹtí..."

"Ẹ dá mi lóhùn, ọkọ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, ohun tí mo ń bi èèyàn ni pé, 'Ibo ló ń dùn yín?' Ọmọdé ń sọ fún mi. Arúgbó ń sọ fún mi. Ẹ̀yin ò wá lè la ẹnu sọ fún mi pé àga ń dùn yín?"

Èyí dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ. Mo wo ilẹ̀.

Tíṣà ní ìbò fóònù tán nìyẹn. Ó ní kí àwọn olùdíje dúró nísàlẹ̀, kí oníkálukú lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Àtẹ̀gùn tú. Ẹsẹ̀ ń dún gbìrìgbìrì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sẹ́yìn Àǹtí. Ìyàwó Púlọ́ḿbà ló wà níwájú pátápátá. Àwọn díẹ̀ wà lẹ́yìn Dókítà Eyín, Púlọ́ḿbà nìkan ló dá dúró, sípánà lọ́wọ́, omijé ò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Àǹtí ò nílò àlàfo. Ipò tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ láti ìpilẹ̀ ni mo fi ọgbọ́n mi já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí wo gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá wo Púlọ́ḿbà fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò gbà á."

"Háà! Mátírọ́nù!"

"Inú ilé tí mo ti ń jẹun ni èrú ti jáde. Bí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lónìí, ọjọ́ tí omi ò bá yọ, ẹ ó ní, 'Ṣebí àna wọn ló ṣe jìbìtì fún wọn.' Àti pé ọkùnrin yìí ti sunkún ayọ̀ lójú gbogbo yín. Ẹni tó ti tọ́ ìfẹ́ èèyàn wò báyìí, páìpù wọn ò tún lè jò lójú rẹ̀ mọ́. Àbí mo parọ́, Púlọ́ḿbà?"

"Kò ní jò mọ́, mà."

"Bí ó bá jò ńkọ́?"

"Màá fi ẹnu dí i, mà."

"Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Títí di bí mo ti ń kọ èyí, páìpù kan ò jò nínú ilé wa. Wọ́n tiẹ̀ ní ó máa ń jí lóru láti fọwọ́ pa wọ́n lórí.

A gòkè padà sílé. Àǹtí tú aago kúrò nínú aṣọ ìnura.

"Ọkọ wa."

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi yín. Pálọ̀ yín lẹ fẹ́, àbí?"

"...Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ gbà á."

Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó gbé aago rẹ̀, ó gba inú yàrá wa lọ. Yàrá tí èmi àti ìyàwó mi ń sùn! Ìyàwó mi gbé àpótí tẹ̀lé e.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dá sùn níbi tuntun."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n fi kún un!"

"Díẹ̀ ni mo ní," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bí mo ṣe rí pálọ̀ mi gbà nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Àga gbọọrọ yẹn kúrú ju bí mo ti rò lọ. Kò sí ohun tó dà bíi kéèyàn sùn lé nǹkan kó tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí róbótó sún mọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní àlejò, ẹ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn fi ẹnu sọ, bó bá fi ọgbọ́n sọ ọ́, orí àga ni yóò ti jí.

Sátidé tí mò ń retí dé. Mo na ẹsẹ̀ lé tábìlì. Mo gbé abọ́ ẹ̀pà lé ikùn. Bọ́ọ̀lù ń lọ gan-an, wọ́n ti dé ẹnu àwọ̀n, iná òkè ló kàn ń ta mí lójú. Àǹtí jáde wá bu omi mu, ó ń padà lọ sí yàrá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yẹn bí ẹ ti ń kọjá."

"Kò burú, ọkọ wa."

Ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kú.

"Àǹtí! Tẹlifíṣọ̀n lẹ pa o! Súíìṣì wo lẹ tẹ̀ yẹn?"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n."